Ẹ Dín Ẹ́ńjìnì Kù fún Igi Alága

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sí etí pákó yẹn, ẹ sún wọlé díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, bí ẹ̀rín bá mú yín níbi tẹ́ ẹ wà yẹn, inú omi lẹ máa bá ara yín, wọ́n á tún ní èmi ni mo tì yín. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá sì kan nínú ẹbí rẹ̀, kó má wò mí lójú. Mo mọ̀ pé ẹ wà níbí. Mo ti rí yín.

Ṣé ẹ mọ Òbè-Ayọ̀? Bí ọkọ̀ bá gbéra ní Igbókọ̀dá, tó kọjá gbogbo ibi tí ẹ̀gbà, igi inú ẹrẹ̀, hù sí lọ́tùn-ún lósì, tí imú yín wá ń gbóòórùn ẹja yíyan kí ojú yín tó rí ilé kankan, ẹ ti dé ibẹ̀ nìyẹn. Ilé wa, orí òpó ló wà. Ọ̀nà wa, pákó ni. Ilẹ̀ gbígbẹ tiwa dà bí ẹja inú ọbẹ̀ ahun: wọ́n ní ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ṣíbí wá a títí.

Nínú ìlú tí kò nílẹ̀ yìí ni ọkùnrin kan ti ní òun fẹ́ ní ọgbà òdòdó.

Kọ́lájọ ni, alága ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè ìlú. Ẹ má pè é ní Kọ́lájọ lásán o, kò ní gbọ́. Orúkọ tó ń jẹ́ ni Alága, Aṣíwájú Etíkun, Òpómúléró Omi, Erin Tó Ń Wọ Bóòtù. Promise, géńdé onírùngbọ̀n tó ń bá a gbé báàgì, ló máa ń ka gbogbo rẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ tó lanu. Bí Alága bá fẹ́ sín, Promise á kọ́kọ́ fò dìde: "Ẹ fetí sílẹ̀! Alága, Aṣíwájú Etíkun, Òpómúléró..." Kó tó dé orí erin, imú Alága ti gbàgbé ohun tó fẹ́ ṣe.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Láti ọjọ́ tí Kọ́lájọ ti di alága, omi ò kan ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ọmọ apẹja, ọmọ ọmọ apẹja, ẹni tí wọ́n bí sí àárín ìjì! Bí bóòtù bá gúnlẹ̀, Promise ló máa ń pọ̀n ọ́n dé orí pákó. Ẹ fi sọ́kàn. A máa padà débẹ̀.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé wọ́n pe Alága sí ìpàdé kan ní Àkúrẹ́. Nígbà tó ń kọjá níwájú ilé ọlọ́lá kan, ó rí igi kan tó tan òdòdó pupa láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí iná bá ń jó tí kò sí èéfín. Lábẹ́ igi náà, àwọn èèyàn tó wá rí ọlọ́lá yẹn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Èmi àti ẹ̀yin, ohun tá a máa rò ni pé ọlọ́lá yẹn ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún. Alága ò rò bẹ́ẹ̀. Ó dúró wò ó, ó fọwọ́ kan àgbọ̀n, ó ní: "Promise, igi yẹn ni."

"Igi yẹn ni, sà!" ni Promise wí. Kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Wọ́n rí ìyá kan tó ń ta irúgbìn létí títì. Ìyá náà ní pánṣẹ́kẹ́ lorúkọ igi náà, ó ń yára dàgbà bí ọmọ tí wọ́n ń fi ẹja bọ́, ṣùgbọ́n òdòdó rẹ̀ kì í tètè yọ, ó lè gbà tó ọdún márùn-ún.

"Ọdún márùn-ún fún ta ni?" ni Alága bi í.

"Fún igi náà ni, sà."

"Ṣé o mọ ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀?"

Promise bọ́ síwájú, ó ka orúkọ láti orí Alága títí dé orí erin. Ìyá náà gbọ́ ọ tán pẹ̀lú sùúrù, ó sì da omi sí irúgbìn rẹ̀. "Ẹ kú oríire, sà," ló sọ. Ó wá fi kún un pé: "Ọdún márùn-ún náà ni."

Bí igi ṣe wọ bóòtù nìyẹn. Àárín ẹsẹ̀ Alága ló wà láti Igbókọ̀dá dé ilé. Wọ́n wọ láífù-jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, fún igi náà. Promise ò rí wọ̀.

*

Lásìkò yẹn gan-an ni àwọn àpò yanrìn dé. Ìlú ti bẹ̀bẹ̀ fún àpò yìí títí ẹnu fi gbẹ. Ìdí rẹ̀ ni Bàdírátù.

Bàdírátù, opó tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ṣàkírà, òun ló ni ilé ẹja yíyan tó wà ní ìpẹ̀kun ìlú, lápá ibi tí òkun ti ń bọ̀. Òkun ti jẹ àgbàlá rẹ̀. Ó ti jẹ ibi tó ń to igi ìdáná sí. Ó kan ku ilé ààrò nìkan, ìgbì sì ti ń fọ ẹsẹ̀ ògiri rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ bí ìyá tó ń wẹ̀ fún ọmọ tó fẹ́ gbé lọ. Gbogbo obìnrin tó ń ta ẹja nílùú, ààrò yẹn ni wọ́n ti ń yan án. Bí ilé yẹn bá lọ, a ó kàn máa wo ẹja tútù lójú ni, títí yóò fi rà.

Àpò yanrìn dé, Ìyá Ṣàkírà so gèlè mọ́rí, ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó o. Ni Alága bá pe ìpàdé.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi ọ̀wọ́n," ló bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, "kí ni òkun ń wá lọ́dọ̀ wa? Mo ní kí ni òkun ń wá?"

"Ilé mi," ni Ìyá Ṣàkírà dáhùn láti ẹ̀yìn.

"Ẹwà ni!" ni Alága pariwo. "Òkun ń jẹ wá nítorí a burẹ́wà! Ta ló ń wo ẹja gbígbẹ tí ojú á tì í? Kò sí! Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí òkun bá gbórí sókè, tó rí òdòdó pupa tó tàn yàà níwájú ilé alága, ojú á tì í, á yí padà!"

Promise pàtẹ́wọ́ títí aago ọwọ́ rẹ̀ fi já bọ́.

"Alága, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o," ni Ìyá Ṣàkírà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, òkun tẹ́ ẹ ń sọ yìí, ibo ni ojú rẹ̀ wà?"

"Ìyá Ṣàkírà, ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè là ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣawá."

"Ṣawá náà lẹ jẹ lánàá, sà. Ẹ tún ní kí n fi ata sí i."

Ìpàdé túká pẹ̀lú ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í gbé àpò yanrìn. Àwọn tó ń tẹ̀ lé Alága kó gbogbo rẹ̀ lọ síwájú ilé rẹ̀. Wọ́n ri òpó ẹ̀gbà mọ́ inú omi, wọ́n to pákó lé e, wọ́n to àpò yí etí rẹ̀ ká, wọ́n wá tú ìyókù dà sí àárín. Wọ́n gbin pánṣẹ́kẹ́ sí i. Ọgbà dé. Ọgbà tó wà lórí omi, tó ń mì bí ẹ bá rìn lórí rẹ̀.

Bàbá Sùlèímánì kọjá níbẹ̀. Òun ni àgbà tó ń bójú tó èbúté wa, òun nìkan ló sì lè pe Alága lórúkọ, torí òun ló kọ́ bàbá Alága ní àwọ̀n jíjù. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan òpó, ó fetí sí i.

"Kọ́lájọ ọmọ mi, òpó ẹ̀gbà, àwọ̀n àti èèyàn ló lè gbé. Yanrìn tó bá mumi máa ń wúwo lójoojúmọ́ ni."

"Bàbá, ẹ kú àgbà o," ni Alága wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹwà kì í wúwo."

*

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé omi wa níyọ̀. Igi tó ti Àkúrẹ́ wá, bó bá mu ún, ó ti parí. Nítorí náà Alága pàṣẹ pé omi inú ọ̀rá ni kí wọ́n máa fi fún igi. Píọ́ wọ́tà tí wọ́n ń fi bóòtù kó wá láti Igbókọ̀dá! Àwa ń pín ọ̀rá kan mu ní méjì, Promise sì ń fi eyín ya ọ̀rá lọ́wọ̀ọ̀wọ́ fún igi, ó ń sọ fún un pé: "Ẹ rọra mu, sà."

Igi yìí náà ò já wọn kulẹ̀. Ó dàgbà! Èmi kì í parọ́ níbi tí òtítọ́ bá ti dùn jù ú lọ. Òjò kan kọjá, ó ga ju Promise lọ. Òjò kejì kọjá, ó ga ju òrùlé. Ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ, ẹ̀ka rẹ̀ nà bí agboòrùn, gbòǹgbò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́ àpò jáde, ó ń wá ilẹ̀ tí kò sí. Ó ń gbé pákó sókè níbí, ó ń ya òmíràn sọ́tọ̀ lọ́hùn-ún.

"Igi náà ń na ẹsẹ̀, sà," ni Promise ṣàlàyé.

Bí ilẹ̀ bá sì ti fẹ́ ṣú, pánṣẹ́kẹ́ máa ń pa ewé rẹ̀ dé. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, ó ń sùn ni. Promise rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ké tantan: "Alága! Ẹ wá wò ó! Igi ń kí yín! Ó ń dọ̀bálẹ̀!" Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Alága ń wọ agbádá, á gbé àga síta, á jókòó kí igi lè dọ̀bálẹ̀ fún un. Á ní: "Dìde, ọmọ mi." Igi ò ní dìde. Ó di àárọ̀.

Bí igi bá lè kí Alága, ó yẹ kí èèyàn kí igi. Àṣẹ jáde. Wọ́n kan pátákó kan sí etí ọgbà, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà: Ẹ DÍN Ẹ́ŃJÌNÌ KÙ. IGI ALÁGA NÌYÍ. Ọkọ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ sáré kọjá, kí ìgbì má bàa da igi láàmú.

Hàrúnà, tó ń wa bóòtù elérò, ló kọ́kọ́ sáré kọjá. Omi ta sí Alága lára. Wọ́n mú Hàrúnà wá.

"Ṣé o ò rí pátákó ni?"

"Mo rí i, sà. Ìyàwó mi lóyún, mi ò dín ẹ́ńjìnì kù fún un. Igi ni kí n wá dín in kù fún?"

Wọ́n ní kó kúnlẹ̀, kó bẹ igi. Hàrúnà wo gbogbo èèyàn tó pé jọ, ó kúnlẹ̀, ó ní: "Igi, ẹ má bínú."

"Sọ pé 'sà'," ni Alága wí.

"Igi, ẹ má bínú, sà."

Ẹ rọra fi ojú Hàrúnà yẹn sí apá kan. Èmi ò ní sọ ohunkóhun.

*

Ìròyìn wá dé pé kọmíṣọ́nà kan láti ìjọba ń bọ̀ wá wo àwọn ìlú etíkun. Ìyá Ṣàkírà gbọ́, ó ní òun á fi ààrò òun hàn án. Alága náà gbọ́, ó sì ní òun á fi igi òun hàn án, wọ́n á sì fi òun ṣe Olùdámọ̀ràn Pàtàkì lórí Ẹwà Omi fún ìpínlẹ̀ lápapọ̀. Ṣé irú ipò bẹ́ẹ̀ wà? Kò sí. Àmọ́ ó ti rán fìlà rẹ̀.

Ìṣòro kan ló wà. Igi ti ga, igi ti gbòòrò, igi ti mu omi ìlú tán, ṣùgbọ́n òdòdó kan ṣoṣo, kò yọ ọ́.

Alága jáde lọ bá igi sọ̀rọ̀. Ó di ọwọ́ mẹ́yìn. "Pánṣẹ́kẹ́," ló pè é, "mo fi bóòtù gbé ọ wá. Mo fún ọ ní omi tí èmi fúnra mi ì bá mu. Mo fún ọ ní yanrìn tí opó ń sunkún lé lórí. Mo fún ọ láyè títí di ọ̀la: tan òdòdó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo máa yọ ọ́ nípò!"

Ilẹ̀ mọ́. Igi ò tan nǹkan kan. Bóyá ìyá tó tà á létí títì ló ń bẹ̀rù ju Alága lọ.

Promise ló rí ọ̀nà. "Sà," ló sọ jẹ́jẹ́, "ṣé ó di dandan kí òdòdó jẹ́ òdòdó ni?"

Alága wò ó bí ẹni tó rí áńgẹ́lì. Wọ́n mú aṣọ pupa tí wọ́n fi ń bo tábìlì ìpàdé, wọ́n gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Promise fẹ́ gun àkàbà, Alága dá a dúró. "Ọwọ́ ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ kan òdòdó yìí. Èmi ni n óò tan án fúnra mi." Ó gun òkè pẹ̀lú agbádá, ó so aṣọ pupa mọ́ ẹ̀ka, mọ́ ẹ̀ka, mọ́ ẹ̀ka, ó so ọ̀kan dé orí téńté.

Ẹ̀yin ará ilé mi tẹ́ ẹ ti ń di ẹnu mú, ẹ mú sùúrù fún àwọn àlejò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún wọn.

Lọ́dọ̀ wa, bí ọkọ̀ bá rì síbì kan, tàbí kùkùté wà lábẹ́ omi tó lè ya ikùn bóòtù, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á ri ọ̀pá, á so aṣọ pupa mọ́ ọn. Ọkọ̀ kankan ò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ibẹ̀ mọ́. Ẹni tó so aṣọ yẹn nìkan ló sì lè tú u, torí òun ló mọ ohun tó rí. Ẹlòmíràn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọmọ tí kò tíì mọ ABD mọ èyí. Bí ẹ bá jí ẹja ẹlẹ́ja, a lè bẹ̀bẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá tú aṣọ pupa aláṣọ, ẹ wá ìlú mìíràn lọ.

Bàbá Sùlèímánì dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó gbójú sókè wo igi títí.

"Kọ́lájọ. Aṣọ pupa."

"Òdòdó ni, Bàbá."

"Létí omi."

"Òdòdó etí omi ni, Bàbá."

"Ọwọ́ ta ló so ó?"

"Ọwọ́ èmi Alága ni!" ló dáhùn, ó lu àyà.

Bàbá Sùlèímánì mirí. "Ó dára. Ìwọ náà lo máa tú u." Ó bá tirẹ̀ lọ.

*

Ọjọ́ pé. Gbogbo ìlú tò sórí pákó. Alága dúró nínú ọgbà rẹ̀ lábẹ́ igi, agbádá funfun, fìlà Olùdámọ̀ràn, bàtà tó ń dán. Àwọn ọmọ iléèwé to ìlà, wọ́n ń kọ orin tí Promise kọ́ wọn:

Igi wa, igi wa,
Igi tó ń mu píọ́ wọ́tà,
Òdòdó rẹ pupa bí epo,
Alága ló tan án!

Ìyá Ṣàkírà dúró sí ìpẹ̀kun, níwájú ààrò rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi. Kò kọrin.

Bóòtù kọmíṣọ́nà yọ láti ọ̀ọ́kán. Ta ló ń wà á? Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Hàrúnà ni. Bó ṣe rí igi náà, ó pa ẹ́ńjìnì pátápátá.

"Kí ló dé?" ni kọmíṣọ́nà bi í.

"Aṣọ pupa, sà. Ewu wà níbẹ̀."

"Ó pọ̀ tó báyìí?"

"Ọ̀kan ṣoṣo la máa ń rí, sà. Irú èyí, ó jọ pé gbogbo ìlú ló rì."

Kọmíṣọ́nà na ọrùn. "Àwọn èèyàn tó ń ju ọwọ́ lórí pákó yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n ń kìlọ̀ fún wa ni, sà. Wọ́n ní ká má súnmọ́ àwọn."

"Èyí tó wọ funfun, tó ń fò sókè?"

"Ẹni yẹn ló ń kìlọ̀ jù, sà. Ọlọ́run á san án fún un."

Hàrúnà tún tan ẹ́ńjìnì, ó yí bóòtù padà. Kó tó sáré lọ, ó kọjú sí pátákó láti òkèèrè, ó dín ẹ́ńjìnì kù dáadáa bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ó yọ fìlà fún igi, ó lọ.

Alága rí ẹ̀yìn bóòtù. "Ẹ padà! Ẹ padà wá! Òdòdó ni!" Ó ń fò sókè, ó ń fi fìlà juwọ́. Ó fò lẹ́ẹ̀kan, òpó kan dún kẹ̀ẹ̀. Ó tún fò, òmíràn dún. Yanrìn tó ti ń mu omi láti òjò méjì, gbòǹgbò tó ti ya pákó sí wẹ́wẹ́, gbogbo wọn ti ń dúró de ẹni tó máa fò lé wọn. Promise, tó gbọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀, rọra fẹ̀yìn rìn bọ́ sórí pákó ìlú.

Gbààà! Ọgbà là sí méjì. Apá tí ọ̀pọ̀ àpò yanrìn wà dúró ti ilé. Apá tí igi wà já, ó dojú kọ omi, ó ń lọ. Omi sì ń fà padà sínú òkun lásìkò náà. Òkun tí Alága ní ojú máa tì rọra wá gbé òdòdó rẹ̀ lọ, pẹ̀lú Alága tó dì mọ́ ara igi bí ọ̀bọ.

"Ẹ gbà mí o! Mo ń rì! Ẹ gbé ọkọ̀ wá!"

Ọkọ̀ ti gbéra. Gbogbo àwọn géńdé ti fò sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n wà á dé ìwọ̀n kan, wọ́n sì dúró. Gbogbo wọn gbójú sókè.

"Kí lẹ̀ ń wò?" ni Alága ń pariwo.

"Aṣọ pupa ni, Alága," ni ọ̀kan dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "A ò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn."

"Ẹ tú u!"

"Àwọn kọ́ ló so ó," ni Bàbá Sùlèímánì wí láti orí pákó.

Ẹ wò ó, àṣírí kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ sọ fún yín jẹ́jẹ́. Omi ti fà. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ bí omi ibẹ̀ ṣe jìn tó lásìkò yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ni ẹni tí omi ò kan ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti di alága. Kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Èèyàn kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà.

Ìyá Ṣàkírà wa ọkọ̀ kékeré rẹ̀ dé, ó dúró síbi tí àwọn yòókù dúró sí. "Alága, ẹ kú ewu."

"Ìyá Ṣàkírà! Ìyá rere! Ẹ gbà mí!"

"Màá gbà yín, sà. Ẹ kọ́kọ́ tú aṣọ. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó máa tú u, àpò yanrìn tó kù ńlẹ̀ yẹn, ti ta ni?"

"Ti... ti ìdàgbàsókè ni!"

Igi náà yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Agbádá kan omi.

"Tiyín ni! Ààrò yín ló ni ín!"

"Ta ló máa rù ú?"

"Àwọn ọmọ..."

Igi tún yẹ̀.

"Èmi ni! Èmi Alága, èmi Kọ́lájọ, èmi ni n óò rù ú!"

"Ẹ̀yin èèyàn, ṣé ẹ gbọ́?" ni Ìyá Ṣàkírà bèèrè. Gbogbo ìlú ní àwọ́n gbọ́. Àwọn ọmọ iléèwé gan-an dákẹ́ orin láti sọ pé àwọ́n gbọ́.

Alága bẹ̀rẹ̀ sí í gun igi, ó ń tú òdòdó. Ọwọ́ kan di igi mú, ọwọ́ kejì ń tú, bó bá tú ọ̀kan, àwọn ọlọ́kọ̀ á ní "Ó ku òmíràn, sà!" Ó tú títí ó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tó wà lórí téńté. Ó na ọwọ́, kò tó o. Ó tún na ọwọ́, ẹsẹ̀ yọ̀, ó já.

Wọ́n gbọ́ tó ké "Ó dàbọ̀, ayé!"

Ó sì dìde dúró. Omi mu ún dé orúnkún.

Alága wo omi. Ó wo orúnkún. Ó wo gbogbo ìlú. Ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, bàtà kan ti wà nínú ẹrẹ̀, ó gbé ohùn sókè: "Ẹ̀yin ènìyàn mi ọ̀wọ́n, ìlérí tí èèyàn bá ṣe lórí igi..."

"Ẹ fẹ́ padà sórí rẹ̀ ni, sà?" ni Ìyá Ṣàkírà bi í.

Kò fẹ́. Ó wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀ títí dé ibi tí àpò wà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àkọ́kọ́ lé èjìká. Promise ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Promise ti dúró ṣánṣán, ó dojú kọ Ìyá Ṣàkírà, ó gbé ohùn sókè: "Ẹ fetí sílẹ̀! Ìyá Ṣàkírà, Aṣíwájú Ààrò, Òpómúléró Ẹja, Erin Tó Ń Yan..."

"Promise," ni Ìyá Ṣàkírà wí, "gbé àpò."

Promise gbé àpò.

*

Kọ́lájọ rò pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀, pé alága ṣì ni alága. Ọjọ́ ìpàdé dé, ó wọ aṣọ, ó dé fìlà, ó wọlé wá jókòó. Ó bá aṣọ pupa kékeré kan tí wọ́n so mọ́ apá àga rẹ̀.

"Ta ló so èyí?"

Bàbá Sùlèímánì ń wo òrùlé. Kọ́lájọ na ọwọ́ sí i, ó rí ojú gbogbo ìlú, ó fa ọwọ́ padà. Kì í ṣe òun ló so ó. Ó dúró ti àga náà títí, ó wá lọ jókòó sórí pákó láàárín àwa yòókù, ó sì bá ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hàrúnà. Hàrúnà sún fún un. "Ẹ jókòó," ló ní, "sà."

Àga náà ṣì ṣófo títí di òní. A ò tíì ráàyè yan ẹlòmíràn, àpò yanrìn là ń tò. Ṣé imú yín ń gbóòórùn nǹkan? Ṣawá Ìyá Ṣàkírà nìyẹn, láti inú ààrò kan náà.

Igi yẹn ńkọ́? Ó há sórí òkè ẹrẹ̀ níwájú èbúté, pẹ̀lú pákó rẹ̀ àti pátákó rẹ̀. Iyọ̀ ti pa á, kò léwé mọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ pupa kan ṣoṣo ṣì wà lórí téńté rẹ̀, níbi tí ọwọ́ Kọ́lájọ ò tó, tí ọwọ́ ẹlòmíràn ò sì gbọ́dọ̀ kàn. Nítorí náà, ọkọ̀ yòówù kó máa bọ̀ láti òkun, ti apẹja ni o, ti elérò ni o, ti kọmíṣọ́nà gan-an ni o, bó bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ó di dandan: á dín ẹ́ńjìnì kù.